Ibùsùn Irin Nínú Igi

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí ń mú kí ìbọn ba ibi tí a yìn ín sí, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé ojú ẹni tí ó yìn ín ni, tàbí ọ̀pá irin tí ó gún régé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Irin ìbọn kì í dá dúró. Inú igi ni ó jókòó sí. Bí ìjókòó náà kò bá fìdí múlẹ̀, asán ni ojú tí ó mú àti ọ̀pá tí ó gún. Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń lo àtè epoxy, tí a po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́, láti tẹ́ ibùsùn fún irin nínú igi.

Igi tí a gé kò dẹ́kun mímí. Ní àkókò ọ̀rinrin, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń sún kì. Ìbú rẹ̀ ni ó ń yí padà jù. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Igi walnut, tí wọ́n fẹ́ràn láti fi gbẹ́ ìdí ìbọn, kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Bí igi bá wú, yóò ti irin síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Bí a bá pín dígíríì 1 sí ọ̀nà 60, tí ìyẹ̀sẹ̀ náà kò sì ju ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lọ, ọta yóò ti fi bí íǹṣì 1 yẹ̀ ní 100 yáàdì. Ní 600 yáàdì, ó ti di bí íǹṣì 6. Àwọn àgbà ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú; ó ń da ìbọn rú pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn nínú ogun Vietnam. Ní 1966, àwọn ọmọ ogun Marine ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìbọn M40 fún àwọn atamátàsé wọn. Ìbọn Remington 700 ni wọ́n sọ di M40, igi sì ni ìdí rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin igbó ibẹ̀ mú kí igi náà wú, kí ó sì lọ́. Ìbọn tí ó tọ́ lánàá lè máà tọ́ mọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ẹni tí ó gbé e dání àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà lórí ọta kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe sí M40A1 ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi fáíbágíláàsì rọ́pò igi. Síbẹ̀, àtè ni wọ́n tún fi tẹ́ ibùsùn irin nínú ìdí titun náà.

Kì í ṣe nítorí ìbọn ni àtè yìí ṣe dé ayé. Ní àwọn ọdún 1930, Pierre Castan, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ń wá ohun tí a lè fi ṣe eyín àtọwọ́dá, ó sì bá epoxy pàdé. Ní 1946, ilé iṣẹ́ Ciba ti ń tà á ní orúkọ Araldite. Oríṣi méjì ni a ń pò pọ̀ kí ó tó le: oje rẹ̀, àti ohun tí ń mú oje náà le. Nítorí pé kì í ṣe gbígbẹ omi ni ó ń mú un le, díẹ̀ ni ó ń sún kì. Lẹ́búlẹ́bú irin tún ń dín ìsúnkì náà kù, ó sì ń jẹ́ kí àtè náà lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, yóò tú irin kúrò lára igi. Yóò ha inú igi náà kí àyè lè wà fún àtè. Yóò fi amọ̀ dí gbogbo ihò ara irin, yóò sì fi ìda pa á yíká. Ewu wà níhìn-ín. Ibi tí ìda bá fò, àtè yóò dì í mú. Ihò tí a kò bá dí, àtè yóò wọ inú rẹ̀ lọ, yóò sì le síbẹ̀ bí èèkàn. Irin àti igi yóò wá di ọ̀kan, yóò sì ṣòro láti yà wọ́n láìba ọ̀kan jẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó burú jù ni èyí tí ojú kì í rí. Àtè kì í tún ohun wíwọ́ ṣe. Bí ó bá ṣe bá irin ni yóò ṣe le mọ́ ọn. Bí oníṣẹ́ tí ń kánjú bá fi bóòtù fún irin mọ́lẹ̀ gan-ingan nígbà tí àtè ṣì rọ̀, irin yóò tẹ̀ díẹ̀, àtè yóò sì le yí ìtẹ̀ náà ká. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára. Nítorí náà, ọ̀gá oníṣẹ́ ń jẹ́ kí irin sinmi wọ̀ọ̀ lórí àtè, kí ó má baà tẹ̀, títí àtè yóò fi le tán.

Ìdánwò iṣẹ́ náà kò le. Oníṣẹ́ yóò fi ìka lé ibi tí ọ̀pá irin àti orí igi ti pàdé, yóò sì máa tú bóòtù iwájú, yóò sì máa fún un padà. Bí ìka bá mọ̀ pé irin ń dìde, tí ó sì ń wálẹ̀, ìjókòó náà kò pé: kí ó ha àtè náà kúrò, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí irin kò bá mira rárá, ibùsùn náà ti bá a mu.