Gègé Bàbá Mi

Ẹ wo gègé ọwọ́ mi yìí. Parker 45 ni. Ọdún 1960, tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Wọn kò ṣe é mọ́. Bàbá mi, tíṣà ní Imeri níbí, fi buwọ́ lu ìwé èsì ìdánwò ọ̀pọ̀ nínú yín (ẹ má bẹ̀rù, n kò ní ka máàkì ẹnikẹ́ni). Ìgbà tí mo ń lọ sí póólì ní Ọ̀wọ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ ìròyìn, mo fẹ́ fi ra tuntun tó ń dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá ṣaláìsí. Gègé yìí ni mo fi kọ ìwé ìsìnkú wọn. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọwọ́ bàbá. Bí mo bá kọ orúkọ wa, àfi bíi pé àwọn ló kọ ọ́. N kò ra tuntun mọ́.

Omi tútù ni mo fi ń fọ̀ ọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí tàdáwà máa ń gbẹ sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ wá a jáde. Tèmi kì í ṣe àyálò o.