Ahọ́n Ọmọ Ehoro

Ẹni tó bá ń sin ehoro mọ̀ pé oyún rẹ̀ kì í ju bí ọjọ́ 31 lọ. Ìhòòhò lọmọ ń wáyé, ojú rẹ̀ á dì pa fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti ṣetán. Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ahọ́n yẹn ti wá ni mo gbé wá lónìí.

Ní ìlú Delft, nílẹ̀ Netherlands, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Regnier de Graaf. Bí akọ ehoro bá ti gun abo, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, á ka ọjọ́, á wá pa abo náà, á la inú rẹ̀ wò. Ó burú létí, mo mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ló rí ẹyin tíntìntín lójú ọ̀nà ilé ọmọ. Ọdún 1672 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Nígbà tó di 1673 ó ti kú, ẹni ọdún 32 péré. Ahọ́n kọ́ ló ń wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kíkà yẹn náà làwọn tó tẹ̀ lé e ń kà.

Lẹ́yìn náà, onímọ̀ ẹ̀yà ara kan, Wilhelm His, ní Leipzig nílẹ̀ Jámánì, ń gé ọlẹ̀ ènìyàn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni ń gé iṣu dùn-ńdú. Ohun tó rí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ehoro: kókó méjì á yọ nílẹ̀ ẹnu, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kékeré kan á wà láàárín, wọ́n á máa wú títí wọ́n á fi pàdé. Ẹran tó ń mi ahọ́n ńkọ́? Ọ̀nà ìpàkọ́ ló ti ń rìn wá! Èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

Lẹ́yìn ahọ́n ehoro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ebè àti poro wà níbẹ̀ bíi toko. Ẹ̀gbẹ́ poro wọ̀nyí làwọn kókó ìtọ́wò sá pamọ́ sí. Ní 1877, àwọn olùwádìí méjì, von Vintschgau àti Hönigschmied, gé iṣan ìmọ̀lára tó lọ síbẹ̀, àwọn kókó náà sì pòórá: iṣan yẹn ló ń gbé wọn ró.

Kí ló dé tí ahọ́n fi ń kánjú ṣetán kí wọ́n tó bí ọmọ? Ìyá ehoro kì í wọ ìtẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ, kì í sì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń fún àwọn ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí kò bá rí ọmú mú, ó di ọ̀la.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí ìyá tó jókòó jìnnà sí ìtẹ́ látàárọ̀, ẹ má rò pó kọ ọmọ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ba ikùn àwọn ọmọ náà wò. Bó bá rí rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n ti mu tọjọ́ náà.