Owó Tí Ó Ń Wọlé fún Ìdílé ní Alápótí

Èló ni ó ń wọlé fún ìdílé kan lóṣù ní Alápótí, níbi tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àti àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ti jọ ń gbé ojúde kan? Ká ní ìdílé márùn-ún ń rí ₦40,000, ₦50,000, ₦60,000, ₦70,000 àti ₦980,000. Bí a bá pa á pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ₦240,000 ni. Bí ìjọba bá fi èyí bu owó orí, ìdílé mẹ́rin yóò sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n láti orí tálákà dé orí olówó, ẹni tí ó wà láàárín gan-an ń rí ₦60,000.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni yóò wá ka owó rẹ̀ fún àlejò oníwèé? Nítorí náà, nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 sí 2019, ohun tí ìdílé ná àti ohun tí wọ́n jẹ, títí kan ẹ̀gẹ́ oko wọn, ni wọ́n fi díwọ̀n ìgbé-ayé. Nǹkan bí ìdílé 22,000 ni wọ́n bi léèrè. Ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Kò tó fún ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ẹni tí ó bá fẹ́ díwọ̀n ti Adó-Odò/Ọ̀tà ní láti gbára lé ìkànìyàn, ti 2006 ni ó sì kẹ́yìn: àwọn ilé tí a ti kọ́ sí Alápótí láti ìgbà náà kò sí nínú rẹ̀.