Ṣekárími Lórí Ẹ̀rọ Alágbèéká

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àìsàn ọkàn kan wà tí Ànábì bẹ̀rù fún ìjọ rẹ̀, tí ó sì pè ní ẹbọ kékeré. Òun ni ṣekárími, kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ rere nítorí àtirí ìyìn ènìyàn. Láyé àtijọ́, ìwọ̀nba èrò tó wà nítòsí ni aṣekárími ń ṣe é hàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2009, Facebook gbé àmì àtàǹpàkò jáde, èyí tí òǹwòran fi ń sọ pé ohun tí òun rí wu òun. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìyìn bí ẹni ń ka owó.

Ǹjẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni èyí ń pa lára? Rárá o. Ní ọdún 2021, Frances Haugen, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook rí, tú ìwé àṣírí ilé-iṣẹ́ náà síta. Ìwádìí kan níbẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìrísí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn, ìdá 32 nínú 100 ló sọ pé Instagram ń dá kún ìbànújẹ́ àwọn. Ẹ̀dá tí Ọlọ́hun dá ní ìrísí tó dára jùlọ wá ń fi ara rẹ̀ wé àwòrán tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ṣe!

Àárín ènìyàn náà ń bàjẹ́. Ọmọ jókòó ti bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Ẹlòmíràn ń ṣe sàárà lóṣù ààwẹ̀, ó dojú kámẹ́rà kọ tálákà tó ń gbà á, ìtìjú onítọ̀hún sì di ohun tí gbogbo ìlú ń wò. Bẹ́ẹ̀ Ànábì yin ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún tọrẹ tí ọwọ́ òsì kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí Súrátù Hujurat fi wé jíjẹ òkú ẹran ara ọmọ ìyá ẹni, ìka ọwọ́ ló ń kọ ọ́ báyìí.

Fóònù fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀; àwọn kan ń fi kọ́ Alùkùránì. Ṣùgbọ́n kí mùmíní tó gbé ohunkóhun jáde, kí ó bi ọkàn rẹ̀ pé: bí ẹnikẹ́ni kò bá ní rí i, ṣé màá ṣe é? Kí ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láàrin ìrun Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, kí ó gbọ́ ohùn àwọn ará ilé rẹ̀.

Ayé kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí Ọlọ́hun bá mọ̀ kò ṣaláìní ẹlẹ́rìí. Kí Ọlọ́hun tọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ́nà. Àmín.