Ohun Tí Òkè Ń Kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ ohun tí a rí nínú ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ méjì tí àwa 18 rìn lọ sí Òkè Ìdànrè àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láti mọ ìtàn ẹ̀sìn ní àwọn ilẹ̀ olókè. Iṣẹ́ tí a bá rán ni ni à ń jẹ́. A ó jẹ́ tiwa láì fi ọ̀kan pamọ́.

Kí a tó lọ, ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àwọn ará ìjọ kan bèèrè ohun tí onígbàgbọ́ ń wá dé ojúbọ òrìṣà. Àwọn Mùsùlùmí kan náà sọ pé kí a má lọ fi ọwọ́ ara wa mú ìbọ̀rìṣà padà wá sí ìlú. A kò bínú sí wọn, nítorí ẹni tí ó fẹ́ràn ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni í ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a dá wọn lóhùn pé a kò lọ bọ ohunkóhun. Ìtàn ni a fẹ́ lọ kọ́. Orí Òkè Sínáì ni Mósè ti gba òfin. Inú ihò Hírà, ní òkè tí ó wà lẹ́bàá Mẹ́kà, ni Ànábì Muhammad wà nígbà tí ìfihàn àkọ́kọ́ dé bá a. Nínú ẹ̀sìn mẹ́ta tí a ń ṣe ní ìlú wa, èwo ni kò ní òkè nínú ìtàn rẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn tí ó ń bá wa jiyàn di ẹrù wọn, wọ́n sì bá wa lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a gbéra láti Akúrẹ́, a sì dé Ìdànrè kí oòrùn tó mú. Òkúta ńláńlá ni ó yí ìlú náà ká. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè rẹ̀ lé ní 600, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá rẹ̀. Àwọn àgbà inú wa kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú ibi ìsinmi náà ṣòfò.

Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láti ayébáyé, títí di ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú dó sí ìsàlẹ̀. A rí ààfin Ọwá àtijọ́, àwọn ojúbọ, ilé ẹjọ́, ilé agogo, àti ibojì àwọn ẹni àná. A rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára òkúta. Ìtàn sọ pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ó ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo wa ni a ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a jọ wọ̀ wá.

Ibẹ̀ ni ó ti yé wa ìdí tí àwọn baba fi ń bọ òkè. Ní ayé ogun, ẹni tí ó wà ní orí òkúta a máa rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀tá kì í sì lè fi ẹṣin gùn ún. Òkúta tí ó gba ọmọ àti ìyá là, tí ó gba àgbà là, ènìyàn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Olúmọ ṣe rí fún àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830. Ní Ìdànrè, wọ́n ń ṣe ọdún Orósùn títí di òní, ní oṣù Karùn-ún. Síbẹ̀, orí òkè kan náà ni a ti rí ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́. Ìwé kò dúró de ìgbà tí ìlú yóò sọ̀ kalẹ̀; òun náà gun àtẹ̀gùn. Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni ìjọba Nàìjíríà ṣe fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO ní 2007, pé kí a lè kà á mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́jọ́ iwájú.

A padà sùn ní Akúrẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn àdúrà, a kọrí sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó wà láàrin òkè ní ilẹ̀ Èkìtì. Bí Ìdànrè ti fi ẹ̀sìn àtijọ́ hàn wá, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀fọ̀n fi bí ẹ̀sìn tuntun ṣe wọlé hàn wá. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà kí ó tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà; kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yípadà, ọba ìlú pàápàá sì ṣe ìrìbọmi. Àwọn ènìyàn gbé òrìṣà wọn jáde, wọ́n sì sun wọ́n níná. Lára iṣẹ́ náà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde wá.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà ni ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Níbẹ̀ ni Agbọnbíọfẹ́, tí ó kú ní 1945, ti gbẹ́ òpó ààfin Aláayè. Ní ìlú kan náà, lójú ìran kan náà, a gbẹ́ ère, a sì sun ère.

Ọ̀rọ̀ yìí dá iyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Apá kan ní iná náà wẹ ìlú mọ́. Apá kejì ní ó jó ìtàn mọ́ òrìṣà. A kò jókòó láti dá ẹjọ́ àwọn tí ó ti kọjá lọ. Ẹni tí ó sun òrìṣà ara rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, ohun ìní rẹ̀ ni ó sun. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe òrìṣà, kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: bí ọmọ wa kò bá mọ ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ bí ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbà ti wọ̀n wọ́n tó? Ẹni tí ó gbàgbé òrìṣà Ẹ̀fọ̀n kò lè mọ rírì ìsọjí Ẹ̀fọ̀n.

Èyí ni ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ tiwa. Ìlú wa náà ní òkè. Igbó ti bo ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tí ó mọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì mọ ibi tí a kọ́kọ́ ti kírun àti ibi tí a kọ́kọ́ ti kọ orin ìyìn ní ìlú yìí, ọwọ́ ni a fi ń ka wọn báyìí. Ọdọọdún ni a ń sin nínú wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí a yan ìgbìmọ̀ tí alùfáà, lèmọ́mù àti babaláwo yóò jọ jókòó nínú rẹ̀, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Èkejì, kí a ṣán ọ̀nà òkè wa, kí a sì má fọwọ́ kan ohunkóhun ní ojúbọ láìjẹ́ pé àwọn tí ó ni ín gbà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ẹ tú àpótí àwọn òbí yín wò. Àwòrán àtijọ́ àti lẹ́tà àtijọ́ tí ẹ bá rí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlú wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn nígbà tí a ṣì ní ẹni tí yóò fi í hàn wá.

Kí Ọlọ́run Ọba kí ó máa gbé ìlú wa ga.