Ilé-Iṣẹ́, Fítà, tàbí Ọwọ́ Ara Ẹni: Ta Ni Kó Tọ́jú Máṣìnì Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣòwò ní Okaishie, Accra

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń fa àríyànjiyàn láàárín wa. Tí máṣìnì tí a fi ń kó ọjà bá tó ìtọ́jú, ṣé kí a gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa, kí a san iye tí wọ́n bá pè, àbí kí a tọ́jú rẹ̀ fúnra wa? Àwọn kan ní olówó ló ń lọ sí ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ń tú máṣìnì fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ ìtọ́jú pọ̀ ní oríṣi. Ẹ jẹ́ ká pín in: èwo ló tọ́ sí ọwọ́ ta ni?

Gbogbo wa la mọ bí Okaishie ti rí. Oògùn àti ohun mímu là ń tà ní páálí páálí. Mọ́tò kì í rọ́nà kọjá, aboboyaa a há sáàárín èrò, àwọn kayayo ń fi orí ru ẹrù. Oníbàárà tó wà ní Madina tàbí Ashaiman kò sì ní dúró dè wá di alẹ́. Máṣìnì ló ń rí àyè gbà. Ọjọ́ tó bá dúró, ọjà dúró. Ohun tó tún ju ọjà lọ ni pé ọmọ wa ló jókòó lórí rẹ̀, ọmọ tí a mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà tàbí Ìgbòho, tí a sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ó bá a tọ́jú rẹ̀. Bí bíréèkì bá kọ̀ lójú títì, owó sáfíìsì tí a fi pamọ́ kò lè ra ẹ̀mí padà.

Ohun tí owó ilé-iṣẹ́ ń rà

Máṣìnì tuntun sábà máa ń ní ìwé àdéhùn pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́ láàárín àkókò tàbí iye kìlómítà tí wọ́n kọ, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ní kí a máa gbé e wá fún sáfíìsì lásìkò, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Sáfíìsì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sáàárín 500 sí 1000 kìlómítà, torí pé irin tuntun ń ha ara wọn, ìyẹ̀fun irin á sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Máṣìnì tó ń lọ Tema tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó dé 500. Ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì tuntun kó má baà san owó sáfíìsì kan lè pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá ṣì múlẹ̀, ẹ gbé máṣìnì yín lọ sí ilé-iṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ tún ní irinṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ wa, pàápàá fún àwọn máṣìnì ìgbàlódé tí kò lo kábúrétọ̀ mọ́. Síbẹ̀, owó ńlá kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ṣe iṣẹ́. Kí ẹ tó fi máṣìnì sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti iye rẹ̀ sórí ìwé. Nígbà tí ẹ bá padà lọ gbé e, ẹ béèrè fún àwọn ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n yọ, kí ẹ fojú rí i.

Fítà ìta

Tí àdéhùn bá ti parí, fítà ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, kò sì sí èèwọ̀ níbẹ̀. Fítà tó kọ́ṣẹ́ dáadáa wà káàkiri Accra, Abossey Okai sì ni ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tí gbogbo Ghana mọ̀. Àyédèrú ẹ̀yà ni kí a ṣọ́ra fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn kì í gba páálí láìyẹ ọjọ́ àti nọ́mbà FDA rẹ̀ wò. Ojú yẹn náà ni kí ẹ fi wo bíréèkì, ṣéènì àti ọ́ìlì tí ẹ ń rà.

Ohun tó tọ́ sí ọwọ́ wa

Máṣìnì kékeré kì í ṣe awo. Honda Super Cub tó jáde ní Japan ní ọdún 1958 ni wọ́n ṣe fún irú àwọn oníṣòwò kéékèèké bíi tiwa, tí ọmọ ilé oúnjẹ ń gùn gbé oúnjẹ kiri. Nígbà tó fi di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe 100 mílíọ̀nù rẹ̀. Ó rọrùn ún tọ́jú, ìdí kan nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀.

Láràárọ̀, kí ẹni tó máa gùn ún yẹ táyà, iná, àti bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn wò. Ẹ má gbà fún àwọn tó ń ní kí a tú bíréèkì iwájú sílẹ̀. Nígbà tí a bá fa bíréèkì, ìwúwo máṣìnì àti ẹrù máa ń sún síwájú, táyà iwájú ló sì ń di ilẹ̀ mú jù.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọn atẹ́gùn táyà nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ wo ọ́ìlì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ nu ṣéènì, kí ẹ sì fi ọ́ìlì sí i. Ṣéènì kò gbọdọ̀ le gan-an bí okùn ìlù. Nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì, ó yẹ kó lè lọ sókè sódò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ní àkókò ọyẹ́, eruku máa ń dí fílítà atẹ́gùn, ẹ máa yẹ ẹ́ wò léraléra.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì náà kò kọjá agbára wa. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ máṣìnì 100 sí 125 ń gba bíi lítà kan, ṣùgbọ́n ìwé tó bá máṣìnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má rọ ọ́ìlì mọ́tò sí i nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà. Nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì oníjíà, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì wà, ọ́ìlì mọ́tò mìíràn sì ní ohun tó ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Ẹ wá àmì JASO MA lára agolo.

Ọ́ìlì tí a rọ̀ jáde, ẹ má dà á sínú gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó o. Ẹ má sì fi bẹntiróòlù fọ irin nítòsí iná tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí páálí kún. Ẹ rántí ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ní Circle, nígbà tí òjò ya, tí iná sọ ní ilé epo, tó lé ní 150 ènìyàn tó ṣòfò. Bẹntiróòlù kì í mọ ẹni tó ń ṣọ́wó ná.

Ohun tí kò tọ́ sí ọwọ́ wa

Inú ẹ́ńjìnnì, jíà, kílọ́ọ̀ṣì, bíríńgì táyà, bíréèkì oní-ọ́ìlì àti wáyà iná, ẹni tó kọ́ ọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún. Ìdánwò ni: bí ohun tí mo fẹ́ tú bá ṣì sí mi dè, ṣé sáfíìsì ló máa bàjẹ́ ni, àbí ènìyàn ló máa ṣubú? Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, ẹ sanwó. Ìwé yòówù tí DVLA bá fún wa kò ní bá wa fa bíréèkì lójú títì.

Ìṣirò

Ẹ má wo owó iṣẹ́ nìkan. Ẹ ro owó iṣẹ́, owó ẹ̀yà, owó ìrìnnà lọ sí ilé-iṣẹ́, àti èrè ọjọ́ tí máṣìnì dúró pọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ́ìlì, owó sípánà tí a ó máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ Sunday. Fún ọ́ìlì àti ṣéènì, ọwọ́ ara ẹni ló máa ń borí. Fún iṣẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá dán an wò máa ń san owó lẹ́ẹ̀mejì: ó san fún ẹ̀yà tó bàjẹ́, ó tún san fún ẹni tó wá tún un ṣe. Ẹ ní ìwé kékeré kan fún máṣìnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, kìlómítà, ohun tí a ṣe àti ẹni tó ṣe é.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò lè gbé e sórí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ gbé e lọ sílé láìsan owó ẹrù.

Nítorí náà, àbá mi nìyí, Alága. Kí ẹgbẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ kan tí gbogbo wa á máa yá lò. Kí a bẹ fítà kan tó mọṣẹ́, kí a sanwó fún un dáadáa, kó máa kọ́ àwọn tó ń gun máṣìnì ní Sunday kan láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí ẹni tó bá sì rán ọmọ lọ sójú títì máa bi í léèrè láràárọ̀, kó tó ka páálí fún un, pé: "Ṣé o ti wo bíréèkì?"

 Àwọn ọmọ wa á máa lọ ire, wọn á máa bọ̀ ire. Àṣẹ.