ẸYẸ KÌ Í FI APÁ KAN FÒ: BÍ A TI Ń KAN Ẹ̀DÀ KÉKERÉ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ OGUN ẸLẸ́ŃJÌNNÌ MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ìpàdé ẹ̀ka Àbújá sọ

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ dáwọ́ lé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, wọ́n kọ ìwé sí ẹgbẹ́ pé kí a yọ̀ǹda yàrá tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn fún àwọn, kí a sì fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n lè kan ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ òfurufú ogun, èyí tí ẹni tí ó dúró nílẹ̀ yóò máa fi rédíò darí. Àwọn kan nínú wa ní eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní ewu ni. Ẹ wá ní kí n wádìí rẹ̀ wò, kí n sì jíṣẹ́.

Èsì mi rèé ní kúkúrú. Kì í ṣe eré ọmọdé. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni a ti ń ṣẹ́gun ewu náà, kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde; kò sí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó èyí.

Ọkọ̀ tí wọ́n yàn ni Bristol Blenheim, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1936. Ènìyàn 3 ní ń wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì 2 ni ó ní, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi yan èyí láàrin gbogbo ọkọ̀ tí ń bẹ láyé. Wọ́n ní nítorí pé ó gba ojú ọ̀run wa kọjá ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì rí. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní ọdún 1940, tí ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà di eléwu, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọkọ̀ òfurufú wọn sínú àpótí wá sí Takoradi, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n. Láti ibẹ̀ wọ́n á fò wá sí Èkó, láti Èkó sí Kánò, láti Kánò sí Màídúgùrì, kí wọ́n tó gba Súdáànì lọ sí Íjíbítì. Ní oṣù September ọdún 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: Blenheim 1 ṣíwájú, Hurricane 6 tẹ̀lé e. Ènìyàn kan ṣoṣo ní ń wọ Hurricane, kò sí ẹni tí yóò bá a wo àwòrán ilẹ̀. Blenheim ni ó ní atọ́nà. Àwọn ará wa tí wọ́n ń ṣòwò ní Sábóńgàrí Kánò láyé ìgbà náà kò lè ṣe kí wọ́n má gbọ́ ariwo wọn lókè.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Apá Blenheim, láti ìkángun kan dé ìkejì, ju mítà 17 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ṣe é ní ìdá kan nínú 6. Ìyẹn ni pé apá tiwọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ń tọrọ kò lè gbà á ní odindi. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣètò pé apá yóò ṣeé yọ, kí ọ̀pá irin fífúyẹ́ so ó mọ́ ara ọkọ̀, kí síkúrù sì dè é.

Ìwúwo ni ohun kejì, òun ni ó sì ṣòro jù. Bí a bá dín gígùn ọkọ̀ kù sí ìdá kan nínú 6, fífẹ̀ apá tí afẹ́fẹ́ yóò gbé dín kù sí ìdá kan nínú 36, ìwúwo sì dín kù sí ìdá kan nínú 216. Blenheim gidi tí ó kó ẹrù wọn nǹkan bí kílò 6,500. Ìdá kan nínú 216 rẹ̀ jẹ́ kílò 30. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kékeré tí ó bá wọn kílò 30 yóò máa sáré jù kí ó tó lè dúró lókè, ẹni tí ń darí rẹ̀ kò sì ní í rójú mí. Kílò 18 sí 20 ni kí wọ́n máa lépa. Kí òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa kọ ìwúwo gbogbo ohun tí ó bá wọ inú ọkọ̀ sílẹ̀, títí kan gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà.

Ní ti igi, balsa ni gbogbo ayé ń lò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ń wá, ó fúyẹ́ púpọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n níhìn-ín. Àwa ní arère, tí àwọn oníṣòwò pákó òkè òkun ń pè ní obeche. Ó wúwo ju balsa lọ ní ìlọ́po 2 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin igi ilẹ̀ wa, ó wà nínú àwọn tí ó fúyẹ́, kò sì le láti gé. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù a máa fi awẹ́ arère fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo apá tí wọ́n bá fi fóòmù gé. Ẹ ò rí i pé igi inú igbó wa ni wọ́n ń fi fò níbẹ̀! Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n fi balsa ṣe egungun apá àti ìrù, kí wọ́n fi pulaiwúùdù ṣe ibi tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò jókòó lé, kí wọ́n sì lo arère níbi tí igi ti gbọ́dọ̀ gùn kí ó sì lágbára. Ẹ̀yin káfíńtà wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Mosquito, ọkọ̀ ogun ẹlẹ́ńjìnnì méjì mìíràn tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù November ọdún 1940, pákó ni wọ́n fi kàn án: balsa ní àárín, pulaiwúùdù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń kan àga àti tábìlì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọyẹ́ Àbújá a máa gbẹ pákó, òjò a sì máa mú un wú. Pákó tí a bá rà gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá náà fún ìgbà díẹ̀ kí a tó gé e.

Ẹ́ńjìnnì ló kàn báyìí, ibí yìí gan-an sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ́ńjìnnì 2 sàn ju 1 lọ, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gbé wa délé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ènìyàn méjì tí ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ti òsì bá dáwọ́ dúró, tí ti ọ̀tún kò dáwọ́ dúró, ọkọ̀ yóò yí sí òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lókè. Bí ọkọ̀ bá ń lọ gbuurugbu, ìtọ́kọ̀ tí ó wà ní ìrù lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí eré rẹ̀ kò tíì tó, ìtọ́kọ̀ kò lágbára. Bí ẹni tí ń darí rẹ̀ bá wá fi iná kún ẹ́ńjìnnì tí ó kù, òun gan-an ni yóò yí ọkọ̀ dojú dé. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dín iná ẹ́ńjìnnì tí ó kù náà kù, kí ó tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ó sì balẹ̀ sí ọ̀kánkán iwájú rẹ̀. Ó sàn kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kán ju kí ọkọ̀ já lu ènìyàn lọ.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí wọ́n lo ẹ́ńjìnnì oníná bátìrì, kí wọ́n má lo ti epo. Ti epo ń fẹ́ àtúnṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ kí èkejì máa kọ́. Ti bátìrì rọrùn láti mú dọ́gba. Síbẹ̀, kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tan àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀kan ń gbóná ju èkejì lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí àdá.

Bátìrì tí wọn yóò lò, èyí tí wọ́n ń pè ní LiPo, lágbára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìwọ̀sí. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ju fóòtì 4.2 lọ, a kò sì gbọdọ̀ fà á lọ sísàlẹ̀ 3. Bí nǹkan bá gún un, tàbí tí a bá gbà á kún jù, ó lè gbiná. Kí wọ́n má ṣe fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn Àbújá, kí wọ́n má sì gba iná sí i lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Ìkòkò amọ̀ tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ dára fún un.

Ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí bátìrì ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn. Láyé àtijọ́, bí ẹni méjì bá ń lo ojú rédíò kan náà, ọkọ̀ ẹnì kan lè gbọ́ ti ẹlòmíràn, kí ó sì já. Àwọn ẹ̀rọ òde òní tí ń lo 2.4 GHz ti mú èyí rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fo láti ojú kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣètò rẹ̀ pé bí àṣẹ bá dáwọ́ dúró, kí ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n sì dín agbára ẹ̀rọ ọwọ́ kù, kí ẹnì kan rìn jìnnà bí ìṣísẹ̀ 30, kí a mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì ń gbọ́.

Ìdọ́gba ni ó kẹ́yìn. Bí a bá gbé ọkọ̀ lé ìka lábẹ́ apá, níbi tí ìwé àwòrán rẹ̀ bá sọ, kò gbọdọ̀ tẹ ìrù. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ṣì lè gbọ́ràn. Èyí tí ìrù rẹ̀ wúwo kò ní í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Bátìrì ni kí wọ́n fi tẹ imú, kí wọ́n má fi òjé kún un lásán.

Bàbá Alága, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tí ń mójútó ọkọ̀ òfurufú, ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ nínú fò láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò. Ní oṣù January ọdún 2025, àwọn ológun fi òfin de lílo dúróònù ní Àríwá Ìlà-Oòrùn. Àbújá ni ibùjókòó ìjọba. Ọkọ̀ tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3, tí a kùn ní ọ̀dà ogun, kò jọ eré lójú sójà tí ó bá rí i lókè. Àwa sì ni àwa. Bí ọmọ kan nínú wa bá rú òfin, wọn kò ní í pe orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọn yóò pè. Pápá gbalasa tí kò sí ènìyàn níbẹ̀ kò tó. Ìwé ni ó tó.

Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ mú wa sọ pé kí wọ́n jáwọ́. Ní Kàdúná, ní oṣù December ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí aṣọ lójú Gulma, ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí Air Force wa ṣe. Ní oṣù February ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe bákan náà fún Tsaigumi. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ibi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni yàrá kékeré, ìwé àwòrán, àti àgbà tí yóò sọ pé, “Tún un gé, kò tọ́.”

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkíní: kí a fún wọn ní yàrá náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èkejì: kí a má kó owó fún wọn lẹ́ẹ̀kan, bí apá bá parí tí a sì wọ̀n ọ́n, kí a san ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kẹta: kí wọ́n kọ́kọ́ kan ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, kí wọ́n sì fi í kọ́ bí a ti ń balẹ̀. Kí wọ́n béèrè ohun tí òfin wí kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan láti òkè òkun, kí èyí kékeré náà má sì fò láìsí ìwé. Ẹ̀kẹrin: kí káfíńtà kan àti oníwáyà iná kan nínú àwọn àgbà wa máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀karùn-ún: kí Blenheim náà má kúrò nílẹ̀ títí akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò fi ka ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ sétí ìpàdé yìí. Bí ìwé náà kò bá dé, kí a gbé ọkọ̀ náà kọ́ sínú gbọ̀ngàn wa. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kàn án ti di tiwọn, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Apá kan ni ìtara àwọn ọ̀dọ́. Sùúrù àwọn àgbà ni apá kejì. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé láti dá.